Ganiat, Àlàájà àti Aago Olójú Méjì

Ojúlé Kẹsàn-án,
Àdúgbò Olówógbowó,
Èkó.
Ọjọ́ Kẹrìnlá, Oṣù Kọkànlá, 1977.

Túnjí, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Modúpẹ́ ńkọ́, ṣé ara rẹ̀ ti mókun lẹ́yìn ìbímọ? Àwọn ọmọ ńkọ́, pàápàá èyí àbígbẹ̀yìn tí mi ò tíì fojú kàn? Ẹ kú ọyẹ́ o. Wọ́n ní ọyẹ́ ilẹ̀ Hausa kì í bá èèyàn ṣeré, pé ó máa ń la ètè yánnayànna. Adéníkẹ́ ìyàwó mi ní kí n sọ fún Modúpẹ́ pé òrí ni kó fi pa ọmọ lára, kó fi pomédì olóòórùn dídùn sílẹ̀ fún àwọn tí kò bímọ. Òun náà wà, ara rẹ̀ le, ẹnu rẹ̀ náà sì le bí o ṣe mọ̀ ọ́n. Àwa tó kù náà wà lábẹ́ ààbò Ọlọ́run. Ìsàlẹ̀ Èkó ti kún fún àgbò báyìí nítorí Iléyá tó kù sí dẹ̀dẹ̀. Kò sí ojúde tí wọn ò so ó sí, bí mo bá ń lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀, àfi kí n máa yà fún ìwo.

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. O bi mí bóyá mo ṣì ń ta ṣẹ́ẹ̀sì, ayò òyìnbó tí o kọ́ mi kí o tó kó lọ sí Kàdúná. Mo ń ta á. Kódà, mo wọ ìdíje, èmi tí mò ń ta rédíò nítòsí Ọjà Balógun, èmi tí mo kọ́ ṣẹ́ẹ̀sì lórí páálí tí o fi èédú kùn, tí a fi ìdérí ìgò kóòkì ṣe ọmọ ogun. Rẹ́rìn-ín tán kí o tó máa kà á lọ. Sátidé àti Sọ́ńdè tó kọjá yìí ni wọ́n ṣe é, nínú gbọ̀ngàn ilé-ìwé kan tí kò jìnnà sí Iga Ìdúngànrán. Àwọn ọmọ yunifásítì wá, àwọn ará bánkì wá, àwa tí a kàn fẹ́ràn eré náà tí a ò sì mọ̀ ọ́n tó bẹ́ẹ̀ náà wá.

Nǹkan tó kọ́kọ́ dẹ́rù bà mí níbẹ̀ ni aago. Èmi àti ìwọ kì í lo aago; bí o bá fẹ́ ronú títí Adéníkẹ́ fi máa gbé oúnjẹ wá, wàá ronú. Aago tiwọn lójú méjì, ojú kan fún ọ, ojú kejì fún ẹni tí ẹ jọ ń ta. Bí o bá ti ta tìrẹ tán, wàá tẹ bọ́tìnì lórí rẹ̀, aago tìrẹ á dúró, ti ẹnìkejì á bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Àsíá pupa kékeré kan wà lójú kọ̀ọ̀kan tó máa ń já wálẹ̀ bí àkókò ẹni bá tán. Bí àsíá rẹ bá já wálẹ̀ kí eré tó parí, o ti pàdánù nìyẹn, ìbáà jẹ́ pé ọba ẹnìkejì rẹ ti wà ní ìhòòhò. Ọmọ yunifásítì kan tó ń jẹ gúgúrú ló kọ́kọ́ nà mí. Nígbà tí mo ta ẹlẹ́ẹ̀kejì, àgbò kan ké lẹ́yìn fèrèsé, mo bá gbé ayaba mi síwájú ẹṣin ẹlẹ́ṣin. Mi ò ní sọ ìyókù tèmi fún ọ.

Ẹni tí mo fẹ́ ròyìn fún ọ ni Ganiat. O rántí Bashiru tó ń ta léèsì ní Balógun, tí ẹ jọ máa ń jiyàn lórí bọ́ọ̀lù. Ìyàwó tó fẹ́ lẹ́yìn tí o lọ ni. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni, olùkọ́ ni, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ló ti kọ́ ṣẹ́ẹ̀sì. Túnjí, obìnrin yìí mọ nǹkan tó ń ṣe. Bó bá jókòó sídìí pátákó, á máa wò ó bí ẹni tó ń ṣa òkúta lára ẹ̀wà, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, láìsí ariwo, òkúta kan kì í sì í bọ́ mọ́ ọn lójú. Òun nìkan ni obìnrin nínú gbogbo wa. Àwọn ọmọ yunifásítì yẹn kọ́kọ́ ń fi ojú di í. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán Sátidé, wọ́n ti ń yí tábìlì rẹ̀ ká láti wo bó ṣe ń ta.

Àmọ́ o, kì í ṣe eré ni ọ̀rọ̀ náà jẹ́ fún un. Ilé àwọn Bashiru, ilé ńlá ni, Àlàájì Bùsàrí tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n fún olóògbé bàbá rẹ̀ sì ni olórí ẹbí. Àlàájì ní òun ò rí irú rẹ̀ rí, kí ìyàwó ilé máa fi òpin ọ̀sẹ̀ jókòó láàárín àwọn ọkùnrin nídìí ayò òyìnbó. Bashiru ò lè jiyàn. Wọ́n jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà, wọ́n sì dá a báyìí: ẹni mẹ́rin ni wọ́n máa mú níbi ìdíje yìí láti lọ ta fún Èkó ní Kàdúná lóṣù tó ń bọ̀, bí Ganiat bá wà lára wọn, Àlàájì á tún ọ̀rọ̀ náà rò, bí kò bá sí, kó kó pátákó rẹ̀ pa mọ́, kó má tún dárúkọ ṣẹ́ẹ̀sì mọ́ nínú ilé náà. Ganiat ní òun gbọ́. Bashiru fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi ní ṣọ́ọ̀bù, ojú rẹ̀ sì rẹ̀wẹ̀sì.

Nítorí náà, inú mi ò dùn rárá nígbà tí wọ́n ní èmi àti òun la jọ máa ta ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé. Pé yóò nà mí, ìyẹn ò dùn mí. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé, bí mo bá lọ ṣèèṣì borí ńkọ́? Ojú wo ni n ó fi wo Bashiru? Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tó fi gba ìbẹ̀rù yẹn lọ́wọ́ mi. Ẹṣin rẹ̀ wà níbí, ayaba rẹ̀ wà lọ́hùn-ún, ọba mi sì sá sẹ́yìn ọmọ ogun kan ṣoṣo bí olè tó sá sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Àkókò nìkan ni kò fi bẹ́ẹ̀ sí fún un mọ́, torí ó máa ń rò ó jinlẹ̀ kó tó ta. Èyí tó kù fún un kò ju ìgbà tí èèyàn fi ń mu ife tíì kan lọ. Ó tó o, bó bá jẹ́ pé nídìí tábìlì ló jókòó sí. Òun ló kàn láti ta, ó sì ń wá ọ̀nà tó yá jù láti pa mí, ìgbà yẹn ni ìyá ọkọ rẹ̀ yọ lẹ́nu ọ̀nà.

Àlàájà Hàwáwù ni orúkọ ìyá Bashiru. Ẹnìkan ti lọ ṣòfófó fún un nínú ilé pé kó lọ wo ibi tí ìyàwó rẹ̀ wà, ó sì wá fojú ara rẹ̀ rí i. Kò bínú, kò rẹ́rìn-ín. Ó kàn dúró, ó fọwọ́ lébàdí, ó ń wo gbogbo ọkùnrin yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ganiat gbójú sókè, ojú wọn ṣe mẹ́rin. Ó wo aago lẹ́ẹ̀kan péré. Ká ní ó ti ta ni, aago tèmi ni ìbá máa rìn. Ó dìde, ó gba àárín àwọn tábìlì kọjá, ó kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì níṣojú gbogbo ènìyàn.

Ó ní, “Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Ìyá mi. Ẹ kú ẹsẹ̀ o. Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ.”

Ọ̀rẹ́ mi, o mọ bí àwọn ìyá Ìsàlẹ̀ Èkó ṣe ń dáhùn bí inú wọn bá dùn. Àlàájà sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ìbáwí lòun bá wá, ṣùgbọ́n nígbà tóun rí i tí odindi olùkọ́ kúnlẹ̀ fún òun láàárín àwọn tó ń sọ gẹ̀ẹ́sì, tí kò tijú òun, orí òun wú, ẹnu òun sì là fúnra rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ lé e lórí, ó pè é ní Àjọkẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kì í. Ó gba ilé bàbá rẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́ lọ, ó kì àwọn apẹja, ó kì àwọn ààfáà, ó kọjá sí ilé ìyá rẹ̀, ó tún padà wá sí ilé ọkọ. Ìwọ náà mọ̀ pé kò sí ìyàwó ilé tó ń dìde nígbà tí ìyá ọkọ bá ń kì í. Ẹni tó bá dìde ti sọ pé oríkì náà kò jọ òun lójú nìyẹn.

Aago ń rìn. Rẹfirí wa, ọkùnrin ará Íńdíà kan tó ń kọ́ni ní ìṣirò, tẹ̀ sí mi létí, ó bi mí bóyá àdúrà ni wọ́n ń gbà. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó dá aago dúró. Ó ní kò sí ẹni tó ń ṣàìsàn, kò sí ìjà, òfin ò fún òun láyè. Mo ní obìnrin náà kò lè dìde ni. Ó wò ó, ó tún wò mí, ó béèrè pé ta ló dè é mọ́lẹ̀? Gbogbo ọmọ Èkó tó wà níbẹ̀ ló mọ ohun tó dè é. Àwọn kan ti ń di ẹnu mú kí ẹ̀rín má baà bọ́, àwọn kan ń mi orí. Àlàájà ṣì wà lórí ìyá ìyá rẹ̀ nígbà tí àsíá Ganiat já wálẹ̀ wẹ́rẹ́.

Báyìí ni mo ṣe borí, ìgbà kan ṣoṣo tí mo borí nínú gbogbo ìdíje náà. Inú mi bàjẹ́, Túnjí. Mo sọ fún rẹfirí pé kó kọ ọ́ ní ọ̀mì, pé kò sí ẹni tó na ẹnìkejì. Ganiat tó ti padà wá ló dá mi dúró.

Ó ní, “Ẹ má bẹ̀ wọ́n, Búròdá Káyọ̀dé. Táìmù mi ló lọ, èmi ni mo sì dìde. Rúùlù ni rúùlù.”

Ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó to gbogbo ọmọ ayò padà sáyè wọn, ó lọ bá ìyá ọkọ rẹ̀. Mo gbọ́ tí Àlàájà bi í pé ta ló jẹ. Ó ní, “Búròdá Káyọ̀dé ni, Ìyá mi. Wọ́n mọ̀ ọ́n ta gan-an.” Kò dárúkọ aago rárá. Mo ti rí ọ̀pọ̀ ènìyàn tó mọ bí a ṣe ń borí. Ẹni tó mọ bí a ṣe ń pàdánù láìdá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, mi ò tíì rí púpọ̀ nínú wọn. Mo dúró níbẹ̀, ojú sì ń tì mí bí ẹni tó gba ohun tí kì í ṣe tirẹ̀.

Mi ò lè gbé e sùn. Nígbà tí Ganiat lọ ra búrẹ́dì ní ìkóríta fún ọmọ rẹ̀ tó wà nílé, mo sáré bá Àlàájà, mo ṣàlàyé aago olójú méjì fún un. Ó tẹ́tí sílẹ̀ dáadáa.

Ó ní, “Nígbà tí mò ń kì í yẹn, aago kan ń rìn lórí rẹ̀?”

Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

“Kí ló dé tí kò sọ fún mi?”

Mo ní, “Àlàájà, báwo ni yóò ṣe ní kí ẹ panu mọ́?”

Àlàájà fa ìborùn rẹ̀ mọ́ra. Ó wo ọ̀nà ibi tí Ganiat gbà lọ, ó sì kọjú sọ́nà ilé. Mo rò pé mo ti da nǹkan rú.

Ní Sọ́ńdè, ká tó ṣílẹ̀kùn gbọ̀ngàn, Àlàájà ti dé. Ó gbé àpótí ìjókòó tirẹ̀ wá, ó fi í lélẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà gan-an, ó jókòó. Ganiat fẹ́ kúnlẹ̀, ó gbá a lọ́wọ́ mú, ó ní kó wọlé lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀, pé ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Ó ní gbogbo ìkíni tòní, òun ni yóò gbà á. Kò sì parọ́. Nítorí Iléyá, ẹbí ń ti Ẹ̀pẹ́ àti Ìkòròdú wọlé, ìròyìn sì ti kàn pé ìyàwó Bashiru ń bá àwọn ọkùnrin díje. Àgbàlagbà tó bá ti yọjú, Àlàájà á ti kí i nílé kí ó tó kí i lóko, á bi í léèrè ọmọ àti ìyàwó, á sì yí i padà sí ojú ọ̀nà tó gbà wá. Nínú gbọ̀ngàn, Ganiat ò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó na ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n fún un lọ́jọ́ náà. Àfi kó tún na ẹni tó kẹ́yìn kó tó lè wà lára ẹni mẹ́rin, ẹni yẹn sì ni ọ̀gbẹ́ni bánkì kan tó de táì lọ́jọ́ ìsinmi, tí ẹnikẹ́ni kò tíì nà.

Eré náà le. Wọ́n ti wọ̀yá ìjà, àkókò àwọn méjèèjì sì ti ń lọ tán, nígbà tí mo rí mọ́tò Àlàájì Bùsàrí lójúde. Tèmi ti parí, mo ti pàdánù bí ìṣe mi, mo wá dúró sẹ́nu ọ̀nà. Àlàájì sọ̀kalẹ̀, agbádá funfun, fìlà funfun, ó ń bọ̀ tààrà. Bí Ganiat bá rí i pẹ́nrẹ́n, dandan ni kó dìde. Mo wo Àlàájà Hàwáwù, mo ní eléyìí ti kọjá agbára rẹ̀, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ ni, olórí ẹbí ni. Àlàájà kúrò lórí àpótí, ó kúnlẹ̀ sí àárín ẹnu ọ̀nà, ó dí i pátápátá.

Ó ní, “Ẹ káàbọ̀ o, Bàbá. Ẹ kú ìrìn. Ẹ kú oòrùn.”

Àlàájì dáhùn, ó gbé ẹsẹ̀. Àlàájà ní ẹ kú ìmúra Iléyá. Ó dáhùn, ó tún gbé ẹsẹ̀. Àlàájà ní àgbò ńkọ́, ṣé ó ń jẹun? Ó béèrè àwọn ìyàwó, ó béèrè àwọn ọmọ tó wà ní Ìbàdàn, ó béèrè ẹsẹ̀ tó ń dùn ún lọ́dún méjì sẹ́yìn, ó béèrè ẹni tó ń wa mọ́tò rẹ̀, ẹni yẹn sì dúró lẹ́yìn rẹ̀ níbẹ̀. Àlàájì kì í ṣe ẹni tó máa gba orí obìnrin tó ń kí i kọjá. Ó ń dáhùn, ó sì ń làágùn.

Nígbà tó yá, ó ní, “Ìyá Bashiru, àárọ̀ yìí la jọ wà nínú àgbàlá. Kí ló dé?”

Àlàájà rẹ ohùn sílẹ̀. Ó ní, “Bàbá, ìyàwó yín ń bẹ nínú ilé, aago ń rìn lórí rẹ̀. Bó bá fojú kàn yín, á dìde wá kí yín. Bó bá sì dìde, ó tán nìyẹn. Ó dìde fún mi lánàá, mo sì bà á jẹ́ fún un. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kó parí rẹ̀.”

Àlàájì wo obìnrin tó wà lórí ìkúnlẹ̀, ó na ọrùn, ó wo Ganiat tó fọwọ́ lẹ́rẹ̀kẹ́, tí kò mọ ohun tó ń lọ. Túnjí, mi ò ní gbàgbé ohun tí bàbá yẹn ṣe. Ó fi ọwọ́ méjèèjì kó agbádá rẹ̀ jọ, ó rọra fà sẹ́yìn ògiri, ó fara pamọ́ síbẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbò àwọn olójúde, kí ìyàwó rẹ̀ má baà rí aṣọ funfun. Ó wá yọ ojú sí mi, ó bi mí wúyẹ́wúyẹ́ pé ta ló ń borí. Mo ní ó kù díẹ̀, sà. Ó ní kí n lọ wò ó dáadáa.

Mo lọ wò ó. Ganiat fi ẹṣin rẹ̀ sílẹ̀ kí ọ̀gbẹ́ni bánkì jẹ ẹ́. Ọ̀gbẹ́ni náà jẹ ẹ́, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ yí padà. Ó wo pátákó títí, ó tú táì ọrùn rẹ̀, ó dojú ọba rẹ̀ dé fúnra rẹ̀ láti fi gbà pé òun ti pàdánù, ó sì na ọwọ́ sí Ganiat. Nígbà tí rẹfirí ka orúkọ àwọn tó máa lọ ta fún Èkó, orúkọ rẹ̀ ló pè kẹ́yìn nínú mẹ́rin, ṣùgbọ́n ó pè é.

Bó ṣe jáde tó rí Àlàájì ni ó kúnlẹ̀. Bashiru náà ti dé, ó gbé ọmọ wọn sápá, mo rí i tó ń fi aṣọ ọmọ nu ojú. Àlàájì ní kó dìde, ó kú iṣẹ́. Ó wá kọjú sí Àlàájà.

Ó ní, “Ìyá Bashiru, ta ni yóò máa gba ìkíni fún un ní Kàdúná?”

Àlàájà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó gbé àpótí rẹ̀, ó fi í há abíyá.

Ìdí tí mo fi jókòó kọ̀wé sí ọ kíákíá nìyí. Lẹ́yìn Iléyá, wọn yóò bá ọkọ̀ ojú irin wá, ìyàwó àti ìyá ọkọ, mo sì ti sọ fún Bashiru pé ilé rẹ ni wọ́n máa dé sí. Mi ò bi ọ́ kí n tó sọ ọ́, mo mọ̀ pé o ò ní dójú tì mí. Sọ fún Modúpẹ́ kó bá wọn wá yàrá tí ọyẹ́ ò ní pọ̀ jù níbẹ̀. Bá mi kí i dáadáa, bá mi kí àwọn ọmọ, bá mi kí búròdá rẹ tó wà ní Sábọ̀n Gàrí àti gbogbo ọmọ Yorùbá tí ẹ jọ wà níbẹ̀. Kí gbogbo wọn fún mi. Ṣùgbọ́n ní ti Ganiat, bí o bá wọ ibi ìdíje tí o rí i nídìí pátákó, jọ̀ọ́, má kí i. Kọjá lára rẹ̀ bí ẹni tí kò rí i. Ẹnu ọ̀nà ni kí o lọ, kí o dọ̀bálẹ̀ fún Àlàájà, kí o sì jókòó tì í, torí ọmọ Èkó pọ̀ ní Kàdúná, ẹnu obìnrin kan ṣoṣo ò lè ká ìkíni gbogbo wọn.

Èmi ni, ẹni rẹ ní Olówógbowó,

Káyọ̀dé.